Ọmọ Ìkòròdú Tó Fẹ́ Ka Geology: Bí O Ṣe Máa Wọlé àti Ibi Tí Iṣẹ́ Wà

Bí ọmọ kan bá sọ nílé ní Ìkòròdú pé Geology, ìyẹn ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, bàbá á ní, "Áà, iléeṣẹ́ epo nìyẹn, owó ńlá." Ìyá á ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ máa fọ́ òkúta?" Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Iléeṣẹ́ epo ń gba onímọ̀ nípa ilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iye tí wọ́n ń gbà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń jáde lọ́dọọdún. Ibi tí iṣẹ́ wà jù fún ọmọ agbègbè wa yìí ni omi tí à ń mu, ìpìlẹ̀ ilé tí à ń kọ́, àti etí ọ̀sà òun etí òkun tí à ń gbé. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn kó tó ra fọ́ọ̀mù JAMB, bó ṣe máa kàwé á yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wojú iléeṣẹ́ epo nìkan.

Ọmọ SS2, ọmọ SS3 àti ẹni tó ti jáde girama tó ń dúró de JAMB ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí náà lè bá wọn kà á, pàápàá níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà wù ọ́

Má tíì ra ìwé kankan. Mú ike omi kan tó mọ́ gaara, lọ sídìí borehole ilé yín tàbí ti aládùúgbò, kí o gba omi lẹ́nu páìpù tó ń bọ̀ tààrà láti inú ilẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ èyí tó ti gba inú fílítà kọjá. Omi náà á mọ́ lójú rẹ. Ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fọwọ́ kàn án, kí o padà wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìkòròdú, wàá rí i pé ó ti pọ́n, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ pupa á sì ti rọ̀ sí ìdí ike.

Irin ló wà nínú omi náà. Lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ọ́síjìn ò fi bẹ́ẹ̀ dé, irin náà yọ́ mọ́ omi, ojú ò lè rí i. Bó ṣe jáde síta tí ọ́síjìn kàn án, ó di ìpẹtà, ó sì rọ̀ sílẹ̀. Òun ló ń kun inú táńkì, òun náà ló ń ba aṣọ funfun jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí omi kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn dáadáa kó tó wọ fílítà. Bí o bá wo ike yẹn tí kò sì jọ ọ́ lójú, kò sóhun tó burú, iṣẹ́ mìíràn pọ̀ láyé. Àmọ́ bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ pé níbo ni irin ọ̀hún ti wá, kí ló dé tí omi àdúgbò kejì ò rí bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa yàtọ̀ bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jìn sí i, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ti ń pè ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, jáde síta. Lójú ọ̀nà Ìmọ̀tà àti Àgbọ̀wá, dúró níbi tí katakata bá ti gé ilẹ̀ pupa, kí o wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ sí Májídùn tàbí Báyékù níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn látinú ọ̀sà. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fi àtàǹpàkò rà á: ṣé ó ń gún ọ lọ́wọ́, àbí ó ń yọ̀ bí ẹni pé amọ̀ wà nínú rẹ̀? Bíríkìlà mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ohun tí yunifásítì máa kọ́ ọ ni ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi wà.

O ò ní rí àpáta kankan lójú ilẹ̀ wa. Láti Àgbádárìgì dé Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, inú agbada ilẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Dahomey Basin la wà. Láti Gáná ló ti ń bọ̀, ó gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin kọjá kó tó wọ ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Yanrìn àti amọ̀ ló tò léra wọn nínú rẹ̀ bí ẹní. Bí o bá kọrí sí Ṣágámù àti Ewékoro, wàá bá òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékoro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó di Abẹ́òkúta kí o tó rí àpáta líle irú Olúmọ. Abájọ tí gíránáìtì tí à ń fi kọ́lé fi máa ń rìnrìn àjò kó tó dé Ìkòròdú, tí yanrìn kì í sì í rìn jìnnà.

Mọ orúkọ ohun tí o fẹ́ kà

Geology wà fún ẹni tó fẹ́ràn kó máa rìn, kó máa wò, kó máa fọwọ́ kan nǹkan. Geophysics wà fún ẹni tí ìṣirò ò bà lẹ́rù: ẹ̀rọ ni wàá máa fi wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láìgbẹ́ ẹ, wàá sì máa jókòó ti kọ̀ǹpútà pẹ́. Bí ilẹ̀ bá mì, àwọn onímọ̀ Geophysics la máa ń sáré bá. (Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa oṣù keje ọdún 1984 tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde.) Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn tún wà: Meteorology tó jẹ́ ti ojú ọjọ́, Marine Science tó jẹ́ ti òkun, Mining Engineering tó jẹ́ ti ìwakùsà, àti Surveying and Geoinformatics tó jẹ́ ti wíwọn ilẹ̀ àti yíya àwòrán rẹ̀. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, bí o bá sì ti wọ ọ̀kan, bíbọ́ sí òmíràn lẹ́yìn ọdún kejì kì í rọrùn.

UNILAG ní ẹ̀ka Geosciences tó ń kọ́ni ní Geology àti Geophysics. Yunifásítì Ìbàdàn àti OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka Geology tiwọn. Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, tí kò jìnnà sí wa, ní ẹ̀ka Earth Sciences. Bí o bá ń wá ibi tí ọ̀pọ̀ nínú mọ̀lẹ́bí yìí ti wà pa pọ̀, wo FUTA ní Àkúrẹ́: Applied Geology, Applied Geophysics, Meteorology àti Marine Science wà níbẹ̀.

Má ṣe kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan nítorí pé ó súnmọ́lé, àní kó jẹ́ LASUSTECH tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni JAMB kó gbogbo rẹ̀ sí, lórí ìkànnì tí wọ́n ń pè ní IBASS. Kọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà síbẹ̀, yóò fi gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ní in hàn ọ́, àti ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń béèrè. Lẹ́yìn náà, lọ sórí ìkànnì NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, kí o wò ó bóyá ẹ̀kọ́ náà gan-an ní ìwé àṣẹ ní ilé ẹ̀kọ́ tí o mú. Yunifásítì lè ní orúkọ kí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ má ní àṣẹ.

WAEC àti JAMB

Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, àti ọ̀kan nínú bàọ́lọ́jì tàbí jọ́gíráfì. Fún JAMB, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba bàọ́lọ́jì tàbí jọ́gíráfì dípò ọ̀kan nínú wọn, IBASS náà lo máa wò fún ìyẹn. Bí físíìsì bá ń dà ọ́ láàmú, wá ẹni tó máa là á yé ọ láti SS2. Sísá fún un ò ṣeé ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ti ka A level tàbí tó ti ní ND tó bá ẹ̀kọ́ náà mu lè gba ọ̀nà Direct Entry wọlé sí 200 level.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yin òbí

Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń gbà fún ẹni tó gba JAMB wọlé, àmọ́ ọdún márùn-ún ni ní FUTA. Owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ lẹ máa san. Ìrìn àjò lọ wo òkúta máa ń wáyé, owó ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ ibẹ̀ sì sábà máa ń bọ́ sí ọrùn ọmọ. Bàtà tó nípọn, fìlà, àpò ẹ̀yìn àti aṣọ apá gígùn náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ti wà ní 300 level iye tí òun ná ní ọdún tó kọjá, kí ẹ tó ṣe ètò. Ìdáhùn rẹ̀ á wúlò ju èyí tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Bí ọmọ bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ̀yáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 lè san owó ilé ẹ̀kọ́, kó sì tún fún un ní owó díẹ̀ láti fi jẹun. Kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti owó ìrànwọ́ fún ọmọ ìpínlẹ̀. Ẹ rí i pé ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wà nílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó dé. PTDF ń ràn àwọn tó fẹ́ kàwé máásítà àti dókítà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ epo àti gáàsì. Èsì ìdánwò ọmọ láti 100 level ni wọ́n máa fi wò ó bóyá ó tó ẹni tí wọ́n ń mú.

Inú kíláàsì, inú igbó

100 level á jọ girama tí wọ́n mú le sí i, má jẹ́ kó sú ọ. Láti 200 level ni òkúta á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé òkúta síwájú rẹ, wọ́n á ní kí o sọ orúkọ rẹ̀. Wàá fi awò kékeré wo àwọn hóró inú rẹ̀, wàá fi ọ̀bẹ họ ọ́ wò bóyá ó le, wàá sì kán ásíìdì tí wọ́n ti là lé e lórí. Bó bá hó ṣùúṣùú lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkúta ẹfun.

Ìgbà tó bá di pé kí ẹ lọ yàwòrán ilẹ̀ ni wàá mọ bóyá ibi tó yẹ ọ lo wà. Wọ́n á pín ilẹ̀ kan fún yín, ẹ ó máa rìn ín láti òwúrọ̀, ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, ẹ ó sì máa fi kọ́ńpáàsì wọn ìhà tí òkúta kọjú sí àti bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Ohun mẹ́ta péré ni mo máa tẹnu mọ́ níbí. Kọ orúkọ ibi tí o ti mú òkúta sí ara òkúta náà lójú ẹsẹ̀, kí o tó rìn kúrò níbẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ̀wé, torí bírò ń ṣàn bí òjò bá rọ̀. Kí ẹ sì kí baálẹ̀ tàbí olóko kí ẹ tó fi òòlù kan òkúta wọn, nítorí àpáta mìíràn wà tí wọ́n ń bọ.

Àwọn òbí kan máa ń ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe fún obìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á kúrò lọ́kàn. Àwọn obìnrin wà nínú iṣẹ́ yìí, nínú pápá àti ní ọ́fíìsì. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni irú ibi tí wọ́n ń sùn àti ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn lọ, kí ẹ sì béèrè bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin náà.

SIWES: má lọ jókòó ti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì

Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ yìí, ibí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù jù. SIWES ni àkókò iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìta ilé ẹ̀kọ́, òun ló sì máa fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí àti ẹni tó mọṣẹ́. Iléeṣẹ́ ńlá tó ní yàrá tútù nini wù gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé tíì ni wọ́n ń rán ọ níbẹ̀, oṣù mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà, kí ìsinmi tó dé. Ẹ̀yin tó wà ní Èkó ní àǹfààní: NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Victoria Island fún ẹni tí òkun wù, iléeṣẹ́ omi ìjọba Èkó wà, ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ti ìjọba Èkó wà, àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún ìpìlẹ̀ ilé náà sì wà káàkiri. Àmọ́ bó bá jẹ́ èmi ni mo máa yàn fún ọ, àwọn kọ̀ngílá kékeré tó ń wá omi ni mo máa fi ọ́ sọ́dọ̀ wọn.

Wo bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ń rí. Ẹ dé àdúgbò kan ní òwúrọ̀. Wọ́n kan ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, méjì nínú, méjì ní ìta. Wáyà lọ láti ara ọ̀pá ìta, ó gbé iná wọ inú ilẹ̀. Ọ̀pá inú ń gbọ́ bí iná náà ṣe ń rìn. Ẹ̀rọ tó wà láàárín ń kọ nọ́ńbà bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná náà lọ́nà tó, ẹnì kan ń ké e, ẹnì kejì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á tún fa ọ̀pá ìta jìnnà sí i, wọ́n á tún kà á. Bí ọ̀pá bá ṣe ń jìnnà sí ara wọn ni iná ń wọlẹ̀ lọ sí i. Iṣẹ́ tìrẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí o di téèpù mú, kí o gbá ọ̀pá wọlẹ̀. Má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, torí bí ọ̀pá náà ò bá wọlẹ̀ dáadáa, irọ́ ni ẹ̀rọ máa kà.

Onílé á jáde wá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Omi wà, Bàbá. Èyí tó dáa nínú rẹ̀ là ń wá."

Ìdáhùn yẹn ló bá ilẹ̀ wa mu. Ní Abẹ́òkúta, èèyàn lè gbẹ́ kànga kan ìdí àpáta kó má rí omi. Lọ́dọ̀ tiwa, omi ò wọ́n, bí yóò ṣe dára ló ṣòro. Yanrìn tó kún fún omi mímọ́ ò jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ga. Amọ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá, nọ́ńbà rẹ̀ á wálẹ̀. Omi iyọ̀ ń jẹ́ kó kọjá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé nọ́ńbà tó wálẹ̀ lè jẹ́ amọ̀, ó sì lè jẹ́ yanrìn tí omi iyọ̀ ti wọ̀. Ẹ̀rọ ò ní sọ èyí tó jẹ́ fún ọ. Ẹni tó mọ bí ilẹ̀ àdúgbò náà ṣe tò, tó ti wo kànga àwọn aládùúgbò, ló máa mọ̀ ọ́n. Bí o bá súnmọ́ etí òkun ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí bí wọ́n bá ń fa omi mímọ́ jù, omi òkun á máa bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ èyí nígbà SIWES ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Lálẹ́, kọ́ QGIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo jù fún láàpútọ́ọ̀pù tó ti pẹ́. Fi ya máàpù gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fún ọ láti máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí náà, kọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Ọ̀nà kan ò wọjà. Mo ti sọ ti omi tán, ó kù àwọn yòókù.

Ìpìlẹ̀ ilé ni mo máa fi ṣìkejì. Amọ̀ rírọ̀ àti ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀ pọ̀ ní àwọn ibi àfọ̀ ní Èkó. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò máa ń rì, ó sì lè wó. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á mú yẹ̀pẹ̀ láti oríṣiríṣi ìjìnlẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n ti irin ṣóńṣó kan wọlẹ̀ kí wọ́n sì wọn agbára tó gbà. Onímọ̀ Geology ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnjiníà. Gbogbo ibi tí ilé ń yọ sí láàárín Ìkòròdú, Ìmọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́ nílò wọn.

Etí òkun náà ń pe èèyàn. Ìgbì máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní etíkun wa, láti ìhà Àgbádárìgì lọ sí ìhà Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé, yanrìn ò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí apá kan, òkun sì ń jẹ Victoria Island ní apá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá lóye irú nǹkan báyìí kò ní ṣaláìrí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn tó ń kọ́ èbúté, àti ìjọba tó ń ṣọ́ etí omi.

Ti ìwakùsà yóò mú ọ kúrò nílé. Wúrà ń jáde ní Sẹ̀gilọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 2021, òkúta mábù wà ní Igbẹ́tì, ilẹ̀ Òǹdó sì ní bitumen, ọ̀dà dúdú inú ilẹ̀, tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá láti 1908. Bí o kò bá fẹ́ gbé ní abúlé, má lọ síbẹ̀.

Epo ńkọ́? Láti Olóìbírí ní 1956 ló ti wà, a sì ní tiwa náà nínú òkun níwájú Àgbádárìgì: pápá epo Aje, tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní 2016. Bí èsì ìdánwò rẹ bá dára gan-an, gbìyànjú rẹ̀, kí o sì ronú nípa máásítà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún ọmọ yín pé torí ilé ìfọpo Dangote tó wà nítòsí Ẹ̀pẹ́ ló ṣe yẹ kó ka Geology. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà àti ẹnjiníà ni ilé ìfọpo ń lò jù. Kí wọ́n tó kọ́ ọ ni iṣẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń da yanrìn sí ilẹ̀ àbàtà.

Lẹ́yìn NYSC

Láti ìgbà tí o ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni kí o ti wọ NMGS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ìwakùsà ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, tàbí NAPE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń wá epo, bí epo bá wù ọ́. Owó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ kéré, ibẹ̀ sì ni wàá ti pàdé àwọn tó máa gbà ọ́ síṣẹ́. Bí o bá ti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COMEG, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1990 gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ wa. Láìsí òǹtẹ̀ wọn, èsì àyẹ̀wò tí o bá kọ lè má jámọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ báńkì tàbí ìjọba.

Bí o bá fẹ́ dá dúró, má yáwó ra ẹ̀rọ. Wọ́n ń yá ẹ̀rọ àyẹ̀wò omi lò lójoojúmọ́. Yá a títí iṣẹ́ yóò fi máa wọlé déédéé. Kọ iye owó, ìjìnlẹ̀ tí o dábàá àti ohun tí o rí sínú ìwé, kí onílé buwọ́ lù ú kí ẹni tó máa gbẹ́ ẹ tó dé. Bí wọ́n bá sì gbẹ́ ẹ dé ìjìnlẹ̀ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n ti páìpù bọ̀ ọ́ kí o tó wo yẹ̀pẹ̀ tó jáde láti ìpele kọ̀ọ̀kan.